Fáànù Lẹ́nu Ilẹ̀kùn: Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Wá Ibi Tí Ooru Ilé Ń Jò Lọ

Ní gbogbo ìgbà òtútù tó ṣáájú èyí tó kọjá, orí àga kan náà ni ìyá mi máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìgbàlejò, pẹ̀lú ìborùn méjì léjìká àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lẹ́sẹ̀. Thermostat ara ògiri, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru yàrá tó sì ń darí rẹ̀, ń sọ pé yàrá náà wà ní ìwọ̀n 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bọ́ílà tó ń fi gáàsì se omi láti mú ilé gbóná ń kùn láìsinmi, owó gáàsì sì ń ga sí i lóṣooṣù, síbẹ̀ kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Màmá kì í béèrè pé, "Ọmọ mi, ta ló ṣí fèrèsé sílẹ̀?" Kò sí ẹni tó ṣí i. Mo máa ń dìde lọ fọwọ́ kan fèrèsé náà níṣojú wọn, kí wọ́n lè rí i pé títì ló wà. "Ó dáa, mo ti gbọ́," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì tún fa ìborùn mọ́ra. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè láti wá wo ilé náà kò lò tó ìdajì wákàtí. Ó wo bọ́ílà, ó ka rédíétọ̀, àwọn irin ara ògiri tí omi gbígbóná bọ́ílà ń gbà kọjá, ó fi téèpù wọn fèrèsé mẹ́ta, ó sì ní bọ́ílà tó tóbi ju èyí tí a ní lọ àti fèrèsé tuntun yí gbogbo ilé ká ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò gun òkè àjà. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò béèrè lọ́wọ́ ìyá tó jókòó níwájú rẹ̀ ibi tí òtútù ti ń fẹ́ sí wọn. Iye tí ó pè jẹ́ gbèsè tí a ó máa san fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dùn mí títí di òní pé díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ sí ìwé tó gbé síwájú mi.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí ni èyí tí mo wá gbà lẹ́yìn ìyẹn: kí àwọn tó mọ̀ nípa bí ilé ṣe ń pàdánù ooru wá fi ẹ̀rọ yẹ ilé wò látòkè délẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì wá dí ibi tó yẹ ní dídí. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí irú iṣẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ retí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pè. Ìgbà òtútù kan gbáko ti kọjá lórí iṣẹ́ wọn báyìí, nítorí náà kì í ṣe inú dídùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń gbé mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Obìnrin kan ló wá, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀: ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sì béèrè pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ibo lára yín ni òtútù kọ́kọ́ máa ń mú?" Wọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn ọrùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gba ìwé owó gáàsì oṣù méjìlá lọ́wọ́ mi, kì í ṣe nítorí owó tó wà níbẹ̀ bí kò ṣe nítorí iye kílówáàtì-wákàtí tí a lò lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó mú oṣù tí ojú ọjọ́ móoru jù, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í tan rédíétọ̀, ó ní ohun tí a lò nínú oṣù náà ni ti omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ sísè. Ó yọ iye náà kúrò lára ti oṣù òtútù kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣẹ́ kù sì ni ti ilé mímú gbóná. Ìṣirò yìí kò gba ẹ̀rọ kankan, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é lórí ìjókòó, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò ronú kàn án rí láti ọdún tí mo ti ń san owó náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé fáànù jáde. Wọ́n pa bọ́ílà, wọ́n ti gbogbo fèrèsé, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé sílẹ̀, wọ́n sì fi férémù onírin fífúyẹ́ kan tí a ta aṣọ nílọ́ọ̀nù sí dí ẹnu ilẹ̀kùn àbáwọlé pinpin. Fáànù ńlá wà nísàlẹ̀ aṣọ náà, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ní ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan wà nínú ilé, èkejì yọ síta. Bí fáànù ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ilé síta, ẹ̀rọ náà ń ka bí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan nínú ilé ṣe ń lọ sílẹ̀ ju ti ìta lọ, títí ìyàtọ̀ náà fi dé 50 pascal, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò fún àyẹ̀wò yìí. Kò le tó ohun tó lè ba nǹkan jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí atẹ́gùn tó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 32 ní wákàtí kan bá kọlu ilé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ihò tí a kò mọ̀ pé ó wà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Pákó tí a fi ń bo ẹnu ọ̀nà òkè àjà ń gbọ̀n, eruku sì ń dà sílẹ̀ ní etí rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná méjì tó wà lára ògiri ìta ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí mi lọ́wọ́. Lábẹ́ síńkì ilé ìdáná, níbi tí páìpù ti gba inú ògiri kọjá, ihò kan wà tí mo lè ki ìka mẹ́ta bọ̀, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Obìnrin náà tan ọ̀pá kékeré kan tó ń rú èéfín fúnfun, ó sì ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kò sí nǹkan, èéfín náà ń lọ sókè ṣánṣán. Nígbà tó dé fèrèsé tí Màmá máa ń jókòó tì, ó gbé e sí etí gíláàsì, kò sí nǹkan. Ó gbé e sí etí férémù, kò sí nǹkan. Ó wá gbé e sábẹ́ pẹpẹ fèrèsé, níbi tí férémù àti ògiri ti pàdé, èéfín náà sì tẹ̀ gbọọrọ wọ inú yàrá bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹnu fẹ́ ẹ. Àlàfo ibẹ̀ kò nípọn ju owó ẹyọ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn tó fèrèsé fúnra rẹ̀. Màmá na ọwọ́ síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Òun nìyẹn." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ gan-an.

Kámẹ́rà tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tó tutù àti ibi tó gbóná ni wọ́n lò tẹ̀lé e. Irú kámẹ́rà yìí kì í sọ òtítọ́ tó yanjú bí ìyàtọ̀ láàárín inú àti ìta kò bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 10, nítorí náà òwúrọ̀ ọjọ́ tí òtútù mú dáadáa ni wọ́n yàn láti wá. Ẹni tó bá fẹ́ wá fi kámẹ́rà yẹ ilé yín wò ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, ẹ ní kó padà wá. Lójú kámẹ́rà náà, àjà yàrá ìsùn wa mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ òféefèé, àfi igun kan tó dúdú bí ẹni pé wọ́n gé e kúrò. Nígbà tí a gun òkè, a rí i pé ẹnì kan tó wá ṣiṣẹ́ iná nígbà kan rí ti ká òwú ìdènà òtútù ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì tẹ́ ẹ padà. Èyí tó kù pàápàá ti rì wálẹ̀, kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Ní òpin àyẹ̀wò náà, iye tí ẹ̀rọ fún wa ni 12. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìyàtọ̀ 50 pascal yẹn bá ń bá a lọ, gbogbo afẹ́fẹ́ inú ilé yóò pààrọ̀ nígbà 12 láàárín wákàtí kan. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti rí, ìlànà kíkọ́ ilé tí kì í ná agbára púpọ̀ láti gbóná, èyí tí wọ́n ń pè ní Passive House, tí àpẹẹrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ wà ní ìlú Darmstadt ní orílẹ̀-èdè Jámánì láti ọdún 1991, kò gbà ju 0.6 lọ. Kò sí ẹni tó ń retí kí ilé àtijọ́ dé ibẹ̀, kò sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fi ìwé pélébé kan ṣe ìṣirò fún mi. Bí a bá fi 20 pín 12, a ó rí nǹkan bí 0.6, èyí tí ó sún mọ́ bí afẹ́fẹ́ ilé náà ṣe ń pààrọ̀ ní wákàtí kan ní ọjọ́ lásán tí fáànù kò sí níbẹ̀. Inú ilé wa gba nǹkan bíi 250 mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́. Bí inú bá fi ìwọ̀n 20 gbóná ju ìta lọ, agbára tí a ń ná láti máa yá afẹ́fẹ́ tuntun náà tó nǹkan bíi kílówáàtì kan. Ó túmọ̀ sí pé a tan áyọ́ọ̀nù iná kan sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí a kò pè wọlé. Bọ́ílà ńlá tí ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ tà fún wa, ńṣe ni ìbá máa fi kún omi tí a ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn.

Ohun tí n kò mọ̀ rí, tí mo sì rò pé ó tó ẹ̀kọ́ gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, ni ìdí tí òtútù fi ń mú Màmá lọ́rùn ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó móoru fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Bí ó bá rí ihò lókè, yóò gba ibẹ̀ jáde, bí ó sì ṣe ń jáde ni ilé náà ń fa òmíràn wọlé láti ìsàlẹ̀ láti fi dípò rẹ̀, láti abẹ́ ilẹ̀kùn, láti ìdí ògiri, láti abẹ́ pẹpẹ fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà òkè àjà tí kò dí, tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibòmíràn lọ́nà jíjìn sí àga wọn, wà lára ohun tó ń fa atẹ́gùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ihò tí òtútù ń gbà wọlé àti ihò tó ń pè é wọlé kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti òkè.

Ìwé àbájáde tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá, èdè rẹ̀ sì le jù fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní láti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá pe irú wọn, ẹ béèrè kí wọ́n jókòó kà á pẹ̀lú yín kí ẹ tó san owó tán. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó to iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ: kí a kọ́kọ́ dí ihò, kí a tó tẹ́ òwú sókè àjà, kí a tó tún bọ́ílà tó wà nílẹ̀ ṣètò, kí a tó wá ronú nípa rírà ẹ̀rọ tuntun. Wọn kò purọ́ nípa fèrèsé. Gíláàsì onílọ̀ọ́po méjì àtijọ́ bíi tiwa ń jẹ́ kí nǹkan bíi wáàtì 2.8 gba inú mítà onígun mẹ́rin kan kọjá fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí inú fi gbóná ju ìta lọ; ti òde òní tí wọ́n fi gáàsì argon sínú rẹ̀, tí wọ́n sì kun ohun tó ń dá ooru padà sí lára, lè dín in kù sí nǹkan bí 1.2. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n òkè àjà wa lè kúrò ní nǹkan bí 0.7 sí nǹkan bí 0.12, ó gbòòrò ju gbogbo fèrèsé ilé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, owó rẹ̀ sì kéré jọjọ sí owó fèrèsé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Wọ́n ní kí a lo fèrèsé náà títí yóò fi gbó, kí a sì máa ta kọ́tìnì tó nípọn bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ọjọ́ méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ lò. Mo dúró tì wọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí òwú bá ti bo òkè àjà, kò sí ẹni tó tún lè rí ohun tí wọ́n ṣe tàbí tí wọn kò ṣe lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi fóòmù dí ibi tí wáyà iná àti páìpù ti gba àjà kọjá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí mo fi ka mọ́kàndínlógún. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ yí ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín bọ́ílà ká, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tí iná kì í jó dí etí rẹ̀, nítorí fóòmù lásán kò gbọ́dọ̀ kan ohun tó gbóná. Fún pákó ẹnu ọ̀nà òkè àjà, wọ́n lẹ rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, wọ́n lẹ fóòmù líle tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ìdè méjì sí i tó ń fà á mọ́lẹ̀ gírígírí. Ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ṣe èyí nìkan, òun sì ni iṣẹ́ tó dára jù ní gbogbo ilé lójú mi.

Òwú tí wọ́n fẹ́ sókè kì í ṣe òwú gan-an. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni, tí wọ́n ti lọ̀ lẹ́búlẹ́bú, tí wọ́n sì po iyọ̀ borate mọ́ kí iná má bàa tètè jó o, kí kòkòrò má sì jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ níta, wọ́n fa ọ̀pá rọ́bà ńlá kan gba ojú fèrèsé lọ sókè, ó sì ń tú jáde bí ìyẹ̀fun eérú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kan rúlà pákó kéékèèké mọ́ igi àjà níbi púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá yọjú sókè lè fi ojú ara rẹ̀ kà á pé ó dé sẹ̀ǹtímítà 35 níbi gbogbo. Eruku rẹ̀ pọ̀. Wọ́n gbá ilé, wọ́n nù ún, síbẹ̀ a ń rí i lórí ìwé àti lórí àga fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Mo wá dé orí ohun tó bí mi nínú. Páìpù fáànù ilé ìwẹ̀ wa, tó yẹ kó máa gbé oru omi jáde síta, òkè àjà ló parí sí. Àṣìṣe àwọn tó kọ́ ilé ni, ṣùgbọ́n àwọn tó wá ṣiṣẹ́ yìí rí i, wọ́n sì fẹ́ òwú bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n tún jẹ́ kí òwú náà kún dí ihò etí òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà wọ òkè àjà láti máa gbẹ ọ̀rinrin ibẹ̀. Nígbà tí òwú bá pọ̀ sórí àjà, ooru ilé kò tún dé abẹ́ òrùlé mọ́, òkè ibẹ̀ á tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, oru omi tó bá sì dé ibẹ̀ á di omi. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè, mo sì rí i pé ẹnu ìṣó kọ̀ọ̀kan tó yọ lábẹ́ òrùlé ló ní ẹ̀kán omi kan, wọ́n ń dán bí ìrì. Igun pákó kan ti ń hùkasì. Mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù sì ní yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí obìnrin tó wá ṣe àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá kí wọ́n tó wá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n tún un ṣe dáadáa, láìgba owó: wọ́n fa páìpù náà jáde gba ara ògiri, wọ́n fi ohun ìdènà òtútù wé e, wọ́n sì kan pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí etí òrùlé tí òwú kò fi lè dí ọ̀nà atẹ́gùn mọ́. Síbẹ̀, bí n kò bá gun òkè àjà fúnra mi, òrùlé ìbá jẹrà kí a tó mọ̀. N kò lè gbójú fo èyí nínú ohunkóhun tí mo bá sọ nípa iṣẹ́ wọn, nítorí ẹni tó bá dí ilé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rinrin ilé náà yóò gbà jáde.

Ní ti ewu èéfín, wọn kò fi nǹkan falẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó kúrò ní ọjọ́ kejì, wọ́n tan bọ́ílà àti gbogbo fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn carbon monoxide nínú ilé, kí wọ́n lè rí i dájú pé ilé tó ti dí báyìí kò ní máa fa èéfín bọ́ílà padà wọlé. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ilé iṣẹ́ tó bá dí ihò ilé yín tí kò ṣe àyẹ̀wò yìí, iṣẹ́ náà kò tíì parí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ìṣètò bọ́ílà ni mo rò pé yóò le jù, òun ló wá rọrùn jù. Bọ́ílà wa jẹ́ irú èyí tó lè fa ooru padà kúrò nínú oru omi tó wà nínú èéfín rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi bí omi tó ń padà bọ̀ láti rédíétọ̀ bá ti tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 55 lọ. Omi tiwa ń jáde ní ìwọ̀n 75, nítorí náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá ni àǹfààní tí a tìtorí rẹ̀ ra á ti ń bá èéfín lọ. Ilé tó ń jò kò jẹ́ kí a lè dín in kù. Lẹ́yìn tí wọ́n dí i, obìnrin náà yí bọ́tìnnì kan, ó sọ ọ́ di 55, rédíétọ̀ sì ń yá wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀ dípò kó máa jó ènìyàn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó sì tún tutù. Ohun tó wà fún omi inú rédíétọ̀ nìyí o. Omi gbígbóná tí a ń tọ́jú sínú táǹkì fún ìwẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù, nítorí kòkòrò àìsàn lè gbé inú rẹ̀.

Ní ti thermostat, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójútó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ẹni tó bá dín ooru ilé kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 sí 5.5 Celsius fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè dín ohun tó ń ná kù tó ìdá 10 nínú 100 lọ́dún. Èyí dára fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Nínú ilé tí àgbàlagbà wà tọ̀sán-tòru, mi ò gbà pé ó yẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé kí ilé má ṣe tutù ju ìwọ̀n 18 lọ nígbà òtútù, ó sì lè yẹ kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fún arúgbó àti aláìsàn. Ìwọ̀n 20 ni a fi tiwa sí ní ọ̀sán, 18 ní òru. Ó kéré sí 21 ti tẹ́lẹ̀, Màmá sì ti bọ́ ìborùn kan sílẹ̀ fúnra wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé a ti yí nǹkan kan padà. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ara fi ń mọ òtútù. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ síni lẹ́sẹ̀ àti àjà tó tutù lókè orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, thermostat kò sì lè rí ìkankan nínú wọn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n tún gbé fáànù wá, iye náà sì ti bọ́ sí 7 láti 12. Nígbà tí mo fi gáàsì ìgbà òtútù tó kọjá wé ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, mo kọ́kọ́ fi bí òtútù ọdún kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó pín tirẹ̀, nítorí ọdún tí òtútù kò mú lè tan ènìyàn jẹ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti so èso. Lẹ́yìn ìṣirò yẹn, ohun tí a lò láti mú ilé gbóná dínkù ní iye tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Bọ́ílà àtijọ́ náà ló ṣì wà. Ó ti darúgbó, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, bóyá pẹ̀lú heat pump, ẹ̀rọ tó lè fi ẹyọ agbára iná kan fún ilé ní tó ẹyọ ooru mẹ́ta, nítorí inú afẹ́fẹ́ ìta ló ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí a ó rà nísinsìnyí yóò kéré sí èyí tí à bá rà tẹ́lẹ̀, omi ìwọ̀n 55 tó ti ń tó ilé wa sì bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu ju ti ìwọ̀n 75 lọ.

Ẹni tó ń gbé ilé onílé kò lè fẹ́ òwú sí òkè àjà, ṣùgbọ́n ọ̀pá tùràrí kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí a máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ létí fèrèsé àti ìdí ilẹ̀kùn jìnnà sí kọ́tìnì, yóò fi ihò tó pọ̀ hàn án. Rọ́bà tí a ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn kò wọ́n, a sì lè ṣí i kúrò ní ọjọ́ tí a bá ń kó lọ.

Mo ti tún pè wọ́n. Púpọ̀ nínú 7 tó ṣẹ́ kù wà ní ibi tí ilẹ̀ pákó àti ìdí ògiri ti pàdé, obìnrin kan náà ni yóò sì wá. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a ó jọ wo gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rinrin ń gbà jáde kí ẹnikẹ́ni tó dí ohunkóhun, pé fáànù lẹ́yìn iṣẹ́ wà lára owó tí a san, àti pé èmi náà yóò fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí mo bá fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ fún Màmá, wọ́n ní, "Bí ó bá dé, kó kọ́kọ́ wá bá mi. Atẹ́gùn kan ń bọ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún." Mo lọ fi tùràrí wò ó. Apá ọ̀tún ni.